Ta Ló Rọ Ọkọ́ Jù, Òkè-Irin Tàbí Odò-Irin?

Ẹ fi ariwo yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ará ilé mi. Láti ìgbà tí rédíò ti sọ pé orílẹ̀-èdè kan lókè òkun ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ju èkejì lọ lónìí, àti pé nígbà ayé àwọn bàbá wọn, èkejì yẹn ló ń ṣe jù, Tíṣà Akínbọ̀dé àti Súlè aránṣọ ò jẹ́ kí n gbádùn ìrọ̀lẹ́ mi. Ọ̀kan ń sọ ti òní, ọ̀kan ń sọ ti àná, ẹ̀yin náà sì yí wọn ká bí ẹni tó ní iléeṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jókòó. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà jẹ ẹ́ tán kíákíá, mi ò fẹ́ ariwo ẹnu bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Èmi Ọdẹ́níran ọmọ Ọdẹ́rìndé, èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà fún lọ́nà, èmi tí mo pàdé iwin lọ́sàn-án gangan tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ kí mi, mo ti dé orílẹ̀-èdè méjì tó ń bára wọn du irú ipò yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ mi rìn ín, mo fi ojú mi rí i, títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ó ṣì rú mi lójú.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Olúgbódi. Orúkọ náà ti sọ fún yín pé ìka mẹ́fà ni wọ́n bí mọ́ ọn lọ́wọ́ kan. Ọwọ́ òsì ni. Ẹran gbígbẹ ló máa ń tà káàkiri. Ó gbé ẹrù ẹran wọ Igbó Arúnilójú lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń lọ wá ọjà ní òdìkejì, kò sì padà wá mọ́. A retí rẹ̀ títí, ó sú wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ síwájú mi, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Bàbá Àlàbá," ó ní, "gbogbo ayé lẹ̀ ń sọ fún pé kò sí igbó tẹ́ ẹ ò lè wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọ̀kan. Ẹ lọ mú un wá fún mi, tàbí kẹ́ ẹ yéé lérí lójú mi."

Háà! Ẹ gbọ́ ohun tí ojú ọkùnrin ń rí nínú ilé ara rẹ̀. Mo jẹun mi tán, nítorí mi ò kì í bínú sí oúnjẹ, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo kọrí sígbó.

Igbó Arúnilójú kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń wọ̀ bí ẹni ń ṣeré. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà á ní òsì ni mo yà sí. Mo rí odò kan tó ń ṣàn lọ tó tún ń ṣàn bọ̀, mo bu omi rẹ̀ mu, òùngbẹ sì gbẹ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn igi ibẹ̀ ń pè mí, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá mi ni wọ́n ń pè. Mo dáhùn, mo ní bàbá mi ò sí nílé. Àwọn kan nínú yín ì bá ti sá padà láti ìdí igi àkọ́kọ́. Kò burú, gbogbo ènìyàn kọ́ ni wọ́n dá àyà fún.

Ní àárín igbó náà, iwin kan dìde sójú ọ̀nà, ó ga dé ibi tí ewé igi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí mi ò bá já àlọ́ òun, ìtì igi lòun máa sọ mí dà.

"Àwọn méjì kan ń sáré láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn," ó ní. "Bí ọ̀kan bá ṣíwájú, èkejì á kọjá rẹ̀. Bí èkejì bá ṣíwájú, ọ̀kan á tún kọjá rẹ̀. Kò sí èyí tó gba ẹ̀bùn rí nínú wọn. Kí ni wọ́n?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni."

Iwin náà wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ó wò ó títí, ló bá bú sẹ́kún, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ẹsẹ̀ òun ò rí ẹni bá sáré. "Ìdáhùn tí mò ń retí kọ́ nìyẹn," ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú, "àwọn orílẹ̀-èdè méjì tó wà níwájú ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n máa lọ, jẹ́ kí n ráyè sunkún mi." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo já àlọ́ náà ni àbí mi ò já a.

Bí igbó ṣe tán ni mo rí èéfín. Odò ńlá kan wà níbẹ̀. Òkè-Irin wà lórí òkè lápá ọ̀hún, Odò-Irin wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lápá ìhín, afárá pákó kan ló so wọ́n pọ̀. Irin ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ń yọ́, ọkọ́ ìroko ni wọ́n sì ń fi rọ. Àwọn iwin tó ń dáko nínú igbó gbogbo ló ń wá rà á lọ́wọ́ wọn. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ pàdé ò kí mi káàbọ̀. "Ta ló rọ jù?" ló wí. Mo wo ẹ̀yìn mi, mo rò pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Àṣé ìkíni wọn nìyẹn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, níbi òkú, níbi ìkómọ. Ará Òkè-Irin á dáhùn pé "Òkè ni," ará Odò-Irin á dáhùn pé "Odò ni." Èmi ní tèmi dáhùn pé "A dúpẹ́." Ọkùnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹni ló gbà mí sílé ní Odò-Irin. Ẹwìrì ló ń fín nídìí iná ìléru. Apá rẹ̀ le, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Òun ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní èèwọ̀ ni fún wọn láti ka ọkọ́ tí ọwọ́ wọn rọ. Ọkọ́ tí ẹni tó rọ ọ́ bá kà, inú ilẹ̀ ni yóò dá sí lọ́wọ́ àgbẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, bàbá?" ó bi mí. "Ṣé ẹ máa ń to àwọn ọmọ yín sójú kan, kẹ́ ẹ máa kà wọ́n ní oókan, eéjì?"

Mo ní, "Ká má rí i."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ àlejò ló ń kà á fún wa. Bí ará Òkè bá kà á, àwa ò ní gbà. Báwa náà bá kà á, wọn ò ní gbà."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́dọọdún, wọn á ru ọkọ́ kọjá lórí afárá níwájú àlejò tí wọ́n fi ṣe olùkà. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ka ti Òkè-Irin, ọwọ́ òsì ló fi ń ka ti Odò-Irin. Bí ọkọ́ kan bá kọjá, yóò ká ìka kan. Bí gbogbo ìka ọwọ́ náà bá ká tán, yóò ju èkùrọ́ kan sínú ìkòkò orílẹ̀-èdè tó ni ín, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tí èkùrọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Orílẹ̀-èdè tó bá sì gbẹ́yìn fún ọdún méje léraléra, wọn á pa gbogbo iná rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ á sì máa fín ẹwìrì fún èkejì títí ayé. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n lè jẹ́ kí olùkà gba ilé rẹ̀ lọ.

"Ọdún mẹ́fà ti lọ, àwa la gbẹ́yìn nínú gbogbo ẹ̀," Ọmọ́yẹni wí. "Ọ̀tunla ni ti keje. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló pọ̀ nídìí iná wa. Ọkọ mi ò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ wọn, kò wá sílé sùn mọ́. Ìdí owú níbi tó ti ń lu irin ló ṣubú sí. Kò dìde."

Mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ó ní àwọn ò ráyè sọ irú ìyẹn níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí n fojú ara mi wò ó. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí o, Tíṣà, nítorí mi ò rò pé wọ́n kọ́ yín ní èyí ní iléèwé. Ní orílẹ̀-èdè méjèèjì yẹn, ayé ọba kì í kọjá lọ. Bí ọba bá wàjà, àdúgbò tí wọ́n ń gbé láyé rẹ̀ á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀, wọn á ṣì máa ṣiṣẹ́, ìkòkò èkùrọ́ wọn á sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ wọn á lọ kọ́ àdúgbò tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti àná, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ bá a.

Mo rìn ín ní apá odò méjèèjì. Ní àdúgbò ọba àkọ́kọ́, ìkòkò Òkè-Irin kún dẹ́nu, ti Odò-Irin kò ju ìkúnwọ́ kan lọ, nítorí ẹnu ni wọ́n ṣì ń fi fẹ́ iná níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo wọn ti wú. Mo rìn síwájú, mo bá àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ti ń fín ẹwìrì, ìkòkò méjèèjì sì dọ́gba. Mo tún rìn síwájú, mo bá àdúgbò tí àwọn obìnrin Odò-Irin ti wọ ilé àgbẹ̀dẹ, èkùrọ́ wọn ń dà sílẹ̀ láti inú ìkòkò. Mo sọdá sí Òkè-Irin, mo bá àwọn tí wọ́n gbẹ́ òkúta irin mìíràn jáde nínú òkè, àwọn náà ti kọjá ti obìnrin. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń na ọwọ́ sí mi, "Àwa la rọ jù!" Òótọ́ sì ni gbogbo wọn ń sọ! Àwọn bàbá àgbà ń bá àwọn ọmọ ọmọ wọn jà pé àwọn ni wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ ń bi wọ́n pé èkùrọ́ mélòó ni wọ́n wá ní. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo gbàgbé apá odò tí mo wà.

Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá rú mi lójú, mo máa ń wo ilẹ̀. Mo padà sí àdúgbò òní, mo wo ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ń ru ọkọ́ lọ sórí afárá. Ti Òkè-Irin jìn wọlẹ̀, ti Odò-Irin náà jìn bẹ́ẹ̀. Mo wo ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó kù lẹ́yìn irin yíyọ́, mo wo eérú, mo wo ibi tí èédú ti dúdú mọ́lẹ̀. Ọgbọọgba ni. Ipa ẹsẹ̀ kì í purọ́ fún mi, ẹ bi àgbọ̀nrín léèrè. Kí ló wá ṣe ìkòkò Odò-Irin tí kò fi kún fún odidi ọdún mẹ́fà?

Ni mo bá gba orí afárá lọ kí n lọ rí olùkà náà. Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí láàárín afárá, ó wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ gùn kọjá ìka. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n rán an bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìka tó ká kí wọ́n tó kà á tán. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Olúgbódi ni! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyàwó kì í ṣe ẹni tí à ń kí lóòró. Àwọn ará orílẹ̀-èdè méjèèjì ń wò mí, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni mo ní ó rọ jù.

Nínú ahéré tí wọ́n kọ́ fún un lẹ́bàá afárá, ó dì mọ́ mi, ó béèrè Àwẹ̀ró, ó béèrè ilé, ó béèrè bóyá igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wọn ṣì ń so. Mo dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí mo rí nílẹ̀ fún un, mo ní kó jọ̀ọ́ kó là á yé mi.

Ó yọ ọwọ́ òsì jáde láti inú ẹ̀wù, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ìka mẹ́fà.

"Ọdẹ́níran," ó ní, "ọgbọọgba ni wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kà á, ìka márùn-ún ni mo ń lò lọ́wọ́ méjèèjì, mo máa ń yọ ìkẹfà sílẹ̀. Wọ́n dọ́gba lọ́dún yẹn. Wọ́n dọ́gba lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó kà á ṣáájú mi, ibí yìí ló darúgbó sí, wọ́n fi sàréè rẹ̀ hàn mí. Mo rí i pé èmi náà ò ní délé mọ́. Ni mo bá jẹ́ kí ìkẹfà máa kà."

Ó yé mi. Òkè-Irin ń mú ọkọ́ márùn-ún wá gba èkùrọ́ kan, Odò-Irin ń mú mẹ́fà wá kí wọ́n tó gba ọ̀kan. Gbogbo ọdún ni wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ohun tí wọn ò gbẹ́yìn rẹ̀.

"Lọ́la ló tán," Olúgbódi wí. "Lọ́la mo dòmìnira. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá Àwẹ̀ró."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi dùn, inú mi sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Torí ọkùnrin yìí ni mo ṣe wá. Ọ̀nà ilé ti là sílẹ̀, kò sì ní kí n yìnbọn kankan. Ṣùgbọ́n Ọmọ́yẹni gbà mí sílé, ó fún mi ní omi. Mo sọ fún Olúgbódi nípa ọkọ rẹ̀ tó ṣubú sídìí owú. Ó ní òun ò mọ̀. Ó tún sọ ọ́, "Mi ò mọ̀," ó sì yí ojú sí ògiri. Bí mo bá tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀, wọ́n á pa á. Bí mi ò bá sọ ọ́, odidi orílẹ̀-èdè á di ẹrú. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe.

Gbogbo ènìyàn péjọ sí bèbè odò. Olókè, ọba Òkè-Irin, jókòó lọ́hùn-ún. Olódò, obìnrin tó jọba Odò-Irin, jókòó níhìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọkọ́ ń kọjá, èkùrọ́ ń bọ́ sínú ìkòkò, ó ń dún kò, kò. Lápá Òkè-Irin, wọ́n ti ń jó. Ó wá ku ọkọ́ kan ṣoṣo, Ọmọ́yẹni ló rù ú. Èyí tí ọkọ rẹ̀ ń rọ lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú ni, wọn ò tíì pọ́n ẹnu rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ níwájú olùkà. "Bàbá, ẹ ṣeun," ó ní. "Ó pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bá wa jókòó nínú oòrùn. Bá a tiẹ̀ gbẹ́yìn, ó dá wa lójú pé ẹ ò rẹ́ wa jẹ."

Olúgbódi ò ká ìka kankan. Ó dìde. Ó fi eyín fa apá ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè lójú gbogbo ayé, ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà là gbàràgàdà.

"Mo rẹ́ yín jẹ!" ó kígbe. "Èyí ni mo fi ń ka ti Odò-Irin. Ilé ni mo fẹ́ lọ. Ẹ ò gbẹ́yìn rí. Ọgbọọgba lẹ jẹ́!"

Ni ariwo bá ta. Odò-Irin ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú iná nítorí pé ó mú wọn gbẹ́yìn. Òkè-Irin ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú iná nítorí pé ó ti ba ìborí wọn jẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ohùn wọn máa ṣọ̀kan nìyẹn. Mo gbé ìbọn mi, mo dúró síwájú àna mi, mo sọ fún wọn irú ẹni tí mo jẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi, wọ́n ti dì í lápá mú.

"Iná wa la ó sọ ọ́ sí," Olódò wí, "àwa ló rẹ́ jẹ."

"Iná tiyín?" Olókè bú sẹ́rìn-ín. "Iná yín tó jẹ́ pé irin ń gbọ̀n òtútù nínú ẹ̀? Tiwa ló gbóná jù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ lọ dá tiyín, ká lọ dá tiwa, ká wò ó!"

Àfi wàrà! Ọba sáré, ìjòyè sáré, àwọn tó di Olúgbódi lápá mú fi í sílẹ̀ kí wọ́n lọ rọ èédú sí iná ìlú wọn. Kíá, ẹwìrì ti ń hó ní bèbè méjèèjì, èéfín bo oòrùn. Lórí afárá, ó wá ku èmi, Olúgbódi àti Ọmọ́yẹni tó ṣì kúnlẹ̀.

Ọmọ́yẹni dìde, ó mú ọwọ́ òsì náà, ó tọ́ àwọn ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ dárí jì mí, ìyá," Olúgbódi wí.

"Ìyẹn ni pé ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ," obìnrin náà wí.

"Kì í ṣe ọ̀lẹ, ìyá."

"Ògúnṣèyẹ lorúkọ ẹ̀. Ẹ pè é kí n gbọ́."

Olúgbódi pè é. Ó ní kó tún un pè, ó tún un pè. Obìnrin náà wá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọkọ́ tí wọn ò pọ́n lẹ́nu yẹn, ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí afárá. Kò gba ọ̀nà ibi iná lọ. Ọ̀nà ibi tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí ló gbà. Mo fa Olúgbódi lọ́wọ́, a sá wọ igbó, àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì sì ń bi ara wọn lẹ́yìn wa pé iná ta ló gbóná jù.

Mo mú un délé. Àwẹ̀ró sunkún ayọ̀ débi pé ó gbàgbé láti yìn mí. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ báyìí, Tíṣà? Súlè? Bẹ́ ẹ bá bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ló rọ jù, ti àná ni o, ti òní ni o, mi ò mọ̀, ẹnu mi sì ti rẹ̀. Kí kálukú gbé àpótí rẹ̀ kó máa lọ sílé. Olúgbódi tó kà á gan-an wà lọ́dọ̀ wa títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Bí ènìyàn bá bi í pé ta ló rọ jù, kì í pe Òkè, kì í pe Odò.

"Ògúnṣèyẹ," ló máa ń wí, á sì dìde kúrò láàárín wa.